Ó Já, Àbí Ó Ń Jà? Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ fún Àìsàn Wáìfáì Ilé

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.” Gbólóhùn yìí ti di ìdáhùn sí ohun gbogbo. Fídíò dúró lójijì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ohùn ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Fóònù wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ṣì rọ̀ mọ́ róútà ìsàlẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ni kò dáa. Gbólóhùn yìí kò tó wa lò mọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá pọ̀ tó láti ya àìsàn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹni tí kò bá sì lè dárúkọ èyí tó ń ṣe ilé rẹ̀ yóò máa náwó síbi tí kò yẹ. Yóò ra dátà sí i, yóò ra ẹ̀rọ kẹta, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ méjì àkọ́kọ́ ló ń dí ara wọn lọ́wọ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé tí wọ́n ń pè ní mẹ́ṣì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni àìsàn wọ̀nyí ti ń pàdé. Ilé alájà tí a fi bùlọ́ọ̀kù àti kọnkéré kọ́ ṣòro fún róútà kan ṣoṣo láti kárí. Ni àwọn onílé bá ń ra ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan. Ìyá róútà ló so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní yàrá mìíràn, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún fóònù tó jìnnà. Alágbàsọ ni mo máa ń pe àwọn ọmọ náà, torí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ní ti mẹ́ṣì fúnra rẹ̀, èmi kò rọ ẹnikẹ́ni láti pè é ní àwọ̀n. Àwọ̀n ti di orúkọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, “àwọ̀n inú àwọ̀n” kò sì là á yé ẹnikẹ́ni.

Orí àmì ohùn ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ ti ń kọ́kọ́ wọlé. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá a so wáìfáì pé “wifi wa n ja”, láìsí àmì kankan, ohun méjì ni onítọ̀hún lè kà. Ó ń já: ohun tó so fóònù mọ́ róútà ń já, ó sì ń tún ara rẹ̀ so. Ó ń jà: ẹ̀rọ kan ń bá ẹ̀rọ mìíràn du àyè kan náà. Àìsàn méjèèjì yàtọ̀ gedegbe. Wáyà tó tú lẹ́yìn róútà, iná tí kò dúró, tàbí ọ̀nà jíjìn lè fa ti àkọ́kọ́. Èkejì ni ìdílọ́wọ́ gan-an. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó yẹ kó kọ, kó fi ọ̀rọ̀ orúkọ tẹ̀ lé e wò. À ń já okùn, ohùn òkè kò yí padà. Àmọ́ bí ìjà bá tẹ̀ lé jà, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò di ohùn àárín: wọ́n ja ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń ṣe. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, ṣùgbọ́n wọ́n fa wáyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ yín, kódà lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà ń kó gbogbo àìsàn wọ̀nyí sábẹ́ rẹ̀ ni ìdènà. N kò bá wọn jiyàn bó bá jẹ́ ògiri ni wọ́n ń bá wí. Ohun tó dènà dúró gbagidi sójú ọ̀nà. Ògiri bùlọ́ọ̀kù, kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀, tánkì omi, dígí ńlá ara ògiri, ilẹ̀kùn onírin, gbogbo wọn ló ń dènà ìgbì rédíò, bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìgbì tí wáìfáì ń lò, ti 5 GHz tètè ń rẹ̀ nínú ògiri ju ti 2.4 GHz lọ. Bí ìdènà bá wà, ìlà tó ń fi agbára wáìfáì hàn lójú fóònù yóò dín kù. Ìdílọ́wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni ó dí, ọ̀nà kò dí. Ìlà ojú fóònù lè kún dẹ́nu, kí fídíò ṣì máa yí bírí lójú kan. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má sọ pé wáìfáì kò lágbára. Ó lágbára. Kò ráyè ni. Ẹni tó bá sọ pé kò lágbára yóò tún gbé alágbàsọ mìíràn sínú yàrá náà, èyí tó máa pa kún ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ wo máíkírówéfù tí a fi ń mú ọbẹ̀ gbóná. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò ní iṣẹ́ kankan láti jẹ́. Àmọ́ ìgbì tó ń lò wà ní nǹkan bí 2.45 GHz, àárín gbùngbùn ibi tí wáìfáì 2.4 GHz wà. Agbára rẹ̀ lè tó 800 wáàtì tàbí 1000, nígbà tí ti róútà ilé sábà jẹ́ ìdá díẹ̀ péré lára wáàtì kan. Ìwọ̀nba tó ń jò jáde létí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó tó láti bo ohùn róútà tó wà nítòsí mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ fún èyí ni àkóbá. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni àkóbá máa ń dé bá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ róútà àti máíkírówéfù ṣe rí. Ẹ má sọ pé máíkírówéfù já lu ọ̀rọ̀ róútà, torí òun kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó fẹ́ sọ. Ó ṣàkóbá fún un.

Ọ̀pọ̀ máíkírówéfù kì í sì í pariwo láìdánu dúró. Iná mànàmáná wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, máíkírówéfù yóò tan ìgbì, yóò sì sinmi. Róútà ń rí àlàfo kéékèèké yẹn lò. Ìdí nìyí tí wáìfáì kì í fi í já pátápátá nígbà tí ọbẹ̀ ń gbóná. Ségesège ló ń ṣe: nǹkan ń lọ, kò lọ déédéé. Ẹ gbé róútà kúrò nítòsí kíṣìnnì, kí ẹ sì jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n lo 5 GHz, torí àkóbá máíkírówéfù kò dé ibẹ̀. Bluetooth náà wà lórí 2.4 GHz, ṣùgbọ́n ó mọ̀wà hù. Ó ń fò láti ìkànnì dé ìkànnì ní ìgbà 1600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní sì ń yẹra fún ibi tó bá ti rí i pé wáìfáì jókòó sí.

Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ìgbì 2.4 GHz jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò nínú ilé rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ọdún 1985 ni àjọ FCC ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún irú ìbánisọ̀rọ̀ báyìí, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀. Òmìnira yẹn ló sọ ibẹ̀ di ojú ọjà ọjọ́ ọjà. Nínú ilé onífúláàtì mẹ́fà ní Sùúrùlérè tàbí Bódìjà, fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní róútà tàbí máífáì, àwọn ọmọ ilé á tún tan họ́tísípọ́ọ̀tì sórí fóònù. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tó ń kanra ní fúláàtì kejì, òun náà ló ń mú ti kẹrin kanra.

Ìkànnì mẹ́tàlá ni a lè lò lórí ìgbì 2.4 GHz ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, mọ́kànlá ní Amẹ́ríkà. MHz 5 péré ló wà láàárín ìkànnì kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí MHz 20 ni wáìfáì kan ń gbà. Ẹni tó wà ní ìkànnì 3, ara rẹ̀ ti kan ẹni tó wà ní 1, ó sì ti kan ẹni tó wà ní 6. Láti 1 dé 11, mẹ́ta péré la lè lò pọ̀ tí wọn kò ní fara kan ara wọn: 1, 6 àti 11.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ti yapa, kí ẹ má ṣe lo ọ̀kan fún èkejì. Òfin wáìfáì ni pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ tẹ́tí kó tó sọ̀rọ̀. Bí róútà yín àti ti aládùúgbò bá jọ wà ní ìkànnì 6, wọ́n á gbọ́ ara wọn, wọ́n á sì tò: èyí sọ tán, ìyẹn bọ́ sí i. Nǹkan yóò fà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní bàjẹ́. Bí tiyín bá wà ní 6 tí tirẹ̀ wà ní 4, wọ́n á máa gbọ́ ohùn ara wọn, wọn kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Èyí á máa sọ tirẹ̀ lọ nígbà tí ìyẹn kò tíì sọ tán. Ohun tí à ń pè ní kí á já lu ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò tún un sọ, wọ́n lè tún já lù ú, àkókò á sì máa lọ. N kò fara mọ́ ìmọ̀ràn àwọn tó ń ní kí ènìyàn sá lọ sí ìkànnì 3 tàbí 8 nítorí pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ìkànnì tó wà láàárín méjì tó kún kò ṣófo. Ó sàn kí ẹ tò pẹ̀lú aládùúgbò ju kí ẹ máa já lu ara yín lọ.

Ọ̀pọ̀ róútà sì ń yan ìkànnì fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, gbogbo róútà àdúgbò á jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jọ yan. Ìkànnì tó dára láàárọ̀ lè má dára mọ́ lálẹ́. Áàpù ọ̀fẹ́ wà fún fóònù Android tó ń fi gbogbo wáìfáì tó wà lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ wò ó kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Nínú ilé onímẹ́ṣì, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹjọ́ jẹ́ ti aládùúgbò. Alágbàsọ tó ń fi rédíò kan ṣoṣo gbọ́ ọ̀rọ̀, tó sì ń fi í sọ ọ́, gbọ́dọ̀ gbọ́ tán kó tó sọ. Nǹkan bí ìdajì ìyára ló ń lọ síbi àsọtúnsọ yẹn. Bí ẹ bá tún to alágbàsọ kejì sẹ́yìn ti àkọ́kọ́, á tún dín kù. Fífà ni èyí, kì í ṣe jíjá. Àwọn mẹ́ṣì kan ní rédíò kẹta tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ láàárín ìyá àti ọmọ, ìyẹn dára. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n fa wáyà láti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, kí afẹ́fẹ́ ṣẹ́kù fún fóònù nìkan. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, kó jẹ́ kí wọ́n ri páìpù fún wáyà yìí mọ́ ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ.

Ibi tí wọ́n ń gbé alágbàsọ sí náà ń ká mi lára. Wọ́n á gbé e sínú yàrá tí wáìfáì kò dé rárá, wọ́n á ní ibẹ̀ ló ti wúlò. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Ibi tó ṣì ti ń gbọ́ ìyá dáadáa ló yẹ kó wà, kí ohùn tirẹ̀ wá dé yàrá náà. Bí fóònù bá sì kọ̀ tó ń di róútà ìsàlẹ̀ mú nígbà tí ọmọ wà nítòsí rẹ̀ lókè, a ní ó lẹ̀ mọ́ ọn. Fóònù ló ń yan ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe róútà. Ẹ pa wáìfáì fóònù náà, kí ẹ tún un tàn.

Ẹ sì yẹ róútà tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá wò. Ènìyàn á so mẹ́ṣì mọ́ ọn, kò ní pa wáìfáì tirẹ̀. Wáìfáì méjì á wà lórí tábìlì kan ṣoṣo, wọ́n á máa jà. Níbí, jà olóhùn ìsàlẹ̀ ló tọ́. Ẹ pa wáìfáì ti róútà ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ fi róútà fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn.

Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ orúkọ kan tó kárí gbogbo rẹ̀ fún ìwé ẹ̀kọ́, ìdílọ́wọ́ ni mo yàn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní 1984, kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ó yẹ kí á ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀rọ inú ilé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀rọ̀ ìṣe ló dùn jù. “Ìdílọ́wọ́ ń ṣẹlẹ̀ sí wáìfáì mi” kì í ṣe Yorùbá tó já geere. “Nǹkan ń dí wáìfáì mi lọ́wọ́” ni kí ẹ wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni “mo ń ní ìṣòro pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì”. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yọ yín lẹ́nu ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, yàgò. Lórí 5 GHz, àwọn ìkànnì kan wà tí rédà ń lò, títí kan rédà tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́. Òfin ni pé wáìfáì ni àlejò níbẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, yóò tẹ́tí fún ìṣẹ́jú àáyá 60, ó kéré tán. Bó bá sì gbúròó rédà nígbàkigbà, yóò fi ìkànnì náà sílẹ̀. Mẹ́ṣì á dákẹ́ díẹ̀, gbogbo ọmọ á tẹ̀ lé ìyá lọ sí ìkànnì mìíràn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó já, tàbí pé aládùúgbò ń dí òun lọ́wọ́. Kò já, kò sì sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́: ó yàgò fún rédà ni. Bó bá ń yàgò lemọ́lemọ́, pàápàá nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ẹ fi í sí ìkànnì 36, 40, 44 tàbí 48, níbi tí òfin kò ti ní kó yàgò fún rédà kankan.