IṢẸ́ ỌLIDÉ ÀTI AMÁNÀ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ OKO ÌRẸSÌ

Bí ọlidé gbọọrọ bá dé, àwọn kan nínú wa á máa ru búlọ́ọ̀kù níbi ìkọ́lé, àwọn kan á máa bá ìyá wọn tajà, àwọn mìíràn á sì jókòó sílé nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti ṣe iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wọn lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí fi dá lórí iṣẹ́ ọlidé. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni pé: kí ló yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́, yàtọ̀ sí owó?

Iṣẹ́ àwọn Ànábì

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò ńlẹ̀. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) da ẹran fún àwọn ará Mẹ́kà, wọ́n sì san owó iṣẹ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú hádíísì tí Bukhari gbà wá, ó sì jẹ́ kó yé wa pé kò sí Ànábì kan tí kò da ẹran rí. Ànábì Dáúdà ń fi irin rọ ẹ̀wù ogun, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń jẹ. Iṣẹ́ káfíńtà ni Ànábì Sàkáríyàù ṣe.

Ní ti Ànábì Músà, ó sá dé Mádíyánà láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Súrà kejìdínlọ́gbọ̀n nínú Alukuraani sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin bàbá àgbà kan níbẹ̀ ló dámọ̀ràn pé kí bàbá òun gbà á síṣẹ́. Ohun méjì ló tọ́ka sí: agbára àti ìfọkàntán. Ọdún mẹ́jọ ni bàbá náà bù fún un, bó bá sì fẹ́, kó pé mẹ́wàá.

Ẹ kíyè sí ohun méjì yẹn. Kò sí ọ̀dọ́ tí kò ní agbára díẹ̀. Ti ìfọkàntán gan-an ni iṣẹ́ ọlidé máa ń dán wò, bó ṣe dán tiwa wò.

Iṣẹ́ lílé ẹyẹ

Ní ọlidé ọdún 1984, àwa méjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, gba iṣẹ́ kan tí àwọn ọ̀rẹ́ wa fi ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ títí. Iṣẹ́ lílé ẹyẹ ni. Agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni oko náà wà, níbi tí ìrẹsì Ọ̀fàdà ti gbajúmọ̀. Ìyá àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ni ín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àdéhùn wa, ₦20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kò ṣe é rí lè rò pé eré ni. Nígbà tí ìrẹsì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ṣírí, omi funfun bíi wàrà ló máa ń wà nínú ẹyọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹyẹ ẹ̀gà ń bọ́ sí i. Wọ́n á fi ẹnu tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fa omi inú rẹ̀ mu, wọ́n á sì fi èèpo òfìfo sílẹ̀. A kan pẹpẹ igi sí àárín oko, a ta okùn láti orí rẹ̀ lọ sára àwọn igi tí a rì mọ́lẹ̀ káàkiri, a sì so agolo mílíìkì tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí mọ́ okùn náà. Bí a bá fà á, gbogbo oko á máa dún. Ibi tí okùn kò dé, kànnàkànnà la fi ń ju òkò síbẹ̀.

Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹyẹ ń jẹ jù. Bí oòrùn bá mú, wọ́n á lọ sinmi. Ìdájí sì ni àkókò Àsùbá, ìrọ̀lẹ́ ni ti Alásárì. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń kírun, ẹnì kejì á máa fa okùn. A tún rí i pé bí a bá pe ìrun sókè dáadáa, àwọn ẹyẹ gan-an á fò lọ ná!

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní abúlé kejì. A ní a kàn fẹ́ lọ wò ó díẹ̀ ni. Nígbà tí a ó fi padà, Màgárìbì ti kù díẹ̀. Ẹ̀gà ti jẹ igun oko tó wà lẹ́bàá àbàtà. Ṣírí ìrẹsì tó bá lọ́mọ máa ń tẹ orí ba ni. Àwọn ti igun yẹn nàró ṣánṣán, nítorí pé kò sí nǹkan nínú wọn mọ́. Ìyá bi wá léèrè lọ́jọ́ kejì. A dáhùn pé, “Ẹyẹ ló pọ̀, Ìyá.” Òótọ́ ni ẹyẹ pọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ la pa.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ìyá san owó wa pé, ó sì bu ìrẹsì kóńgò kọ̀ọ̀kan fún wa lé e. Owó náà kò dùn ún ná. A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àáfáà wa ní ilé kéwú. Kò bá wa jà. Ó kàn béèrè pé, “Ọjọ́ mélòó lẹ ṣe? Ọjọ́ mélòó lẹ gba owó rẹ̀?” Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀tọ́ Ìyá ni. Ẹ má bẹ Ọlọ́hun nìkan, ẹ lọ bá ẹni tó ni í.”

A fẹsẹ̀ rìn lọ, a kúnlẹ̀, a sì jẹ́wọ́. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ pé, “Láti ọjọ́ tí mo rí ṣírí tó nàró ni mo ti mọ̀. Ẹ̀yin ni mò ń retí, ẹ̀yin ọmọ mi.” Ó yọ náírà kan kan nínú owó wa, ó dá ìyókù padà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè wá.

Ohun tí aró ń tú fó

Arábìnrin wa kan ṣe ọlidé tirẹ̀ nídìí àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Àdìrẹ oníkò ló ń dì. Ó sọ fún wa pé bí ọwọ́ bá rọ̀ nídìí okùn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí aṣọ bá wọ inú aró ni yóò hàn, nítorí pé aró á wọ ibi tó yẹ kó funfun. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí a ṣe lẹ́yìn ọ̀gá rí. Bí ọ̀gá kò bá rí i láé, Ọlọ́hun ti rí i.

Àwọn ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

1. Ẹ ṣe àdéhùn owó àti àkókò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá Mádíyánà náà ṣe é.

2. Àkókò tí wọ́n san owó rẹ̀ kì í ṣe tiwa mọ́. Amánà ni. Ẹ sọ fún ọ̀gá ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ó máa kírun, kó má di jíjí àkókò.

3. Ẹ yẹ iṣẹ́ náà wò bóyá hàlálì ni. Kí ẹ̀yin arábìnrin jẹ́ kí òbí mọ ibi iṣẹ́ yín àti ẹni tó gbà yín síṣẹ́. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá rí ohun tó kọ yín lóminú. Owó kò tó iyì.

4. Ìrònúpìwàdà lórí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn kò pé láìdá ẹ̀tọ́ náà padà, tàbí kí ẹni tó ni í yọ̀ǹda rẹ̀.

5. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀gá pẹ̀lú. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pàṣẹ kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Lọ́la, ẹ̀yin náà yóò di ọ̀gá. Ẹ má gbàgbé bí òógùn yín ti rí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ àti ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́? Bí Ìyá kò bá ti mọ̀, ṣé ó ṣì yẹ kí a padà lọ? Ta ni ẹ jẹ ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ títí di òní?

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kó sì jẹ́ kí á ṣe é fọkàn tán. Àmín.