Ẹ̀rọ etí: "wọ" nìkan kò tó

Àwọn kan ń pe ẹ̀rọ tí ẹni tí etí rẹ̀ wúwo ń lò ní "ẹ̀rọ ìgbọràn". Orúkọ náà dùn lẹ́nu, àmọ́ ó ń ṣini lọ́nà. Ìgbọràn ni ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́ tí kò jiyàn. Bí ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ gbọ́ràn bá wà lọ́jà, èmi ni n óò kọ́kọ́ rà á. "Ẹ̀rọ etí" tó wa í lò.

Ẹ má sì pe gbogbo ẹni tó ń lò ó ní adití. Adití ni ẹni tí etí rẹ̀ di pátápátá. Odi ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbọ́ ketekete tó ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́, etí ikún ló kọ sí wa, ìyẹn ò sì ní ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn ẹ̀rọ yìí ń ṣe: wọ́n ń gba ohùn wọlé, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n sì ń darí rẹ̀ sínú etí. Ibi tí wọ́n ń jókòó sí ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń yí padà. Àwa tí à ń dé fìlà, tí à ń wé gèlè, tí à ń ró ìró, kò yẹ ká fi "wọ" bo gbogbo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

Èyí tó ń jókòó sẹ́yìn etí, gbígbé là ń gbé e kọ́ etí: "Bàbá ti gbé ẹ̀rọ wọn kọ́ etí." Òun ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọdé, torí bí etí ọmọ ṣe ń tóbi, rọ́bà tó wọnú etí nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ihò etí ẹni, títì là ń tì í bọ etí. Àwọn tó ń tijú fẹ́ràn rẹ̀ torí kò hàn síta. Àmọ́ bátìrì rẹ̀ kéré débi pé àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè má rí i mú, ìdọ̀tí etí sì máa ń dí i. Ti àtijọ́, tó jẹ́ àpótí kékeré tòun ti wáyà, sínú àpò là ń fi í.

Ohùn lè má rọ́nà gba inú ihò etí ẹlòmíràn kọjá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń gba ara eegun agbárí gbé ohùn wọlé. Wọ́n lè dè é mọ́ orí.

Ẹ̀rọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "cochlear implant" yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Kì í gbé ohùn sókè rárá. Iṣẹ́ abẹ ni dókítà fi ń ti wáyà rẹ̀ bọ inú etí lọ́hùn-ún, níbi tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, láti ibẹ̀ ló ti ń ránṣẹ́ tààrà sí iṣan tó lọ sí ọpọlọ. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní wọ́n "gbin" ẹ̀rọ sí ọmọ kan létí. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn; àgbàdo là ń gbìn. "Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fi ẹ̀rọ sí i nínú etí" ni kí ẹ wí.