Síso Ẹ̀dà Dísíkì Linux Mọ́ Kọ̀ǹpútà Láìyí Ohun Inú Rẹ̀ Padà

Bí iná mànàmáná bá lọ lójijì ní Ṣáṣá, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì yóò kú láìdágbére. Ká ní inú dísíkì irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni ohùn àgbà kan tó ń ki oríkì orílẹ̀ wà, tí onítọ̀hún sì ti papò dà. Olùwádìí tó mọṣẹ́ kò ní ṣí dísíkì náà gan-an. Yóò da odindi rẹ̀ kọ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Fáìlì yìí ni ẹ̀dà dísíkì. Ìbéèrè tó kù ni bí yóò ṣe wo inú ẹ̀dà náà láìba nǹkan kan jẹ́.

Ó lè wu atúmọ̀ láti pe àṣẹ mount ní "gígùn", ṣùgbọ́n ẹṣin ni à ń gùn, òrìṣà ló sì ń gun ènìyàn. Ńṣe ni Linux ń so dísíkì mọ́ ara àwọn àpò fáìlì tirẹ̀, bí ìgbà tí a so ẹ̀ka mọ́ igi. "Síso mọ́" ló bá a mu jù.

Àṣẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ni ro, ìyẹn "kíkà nìkan". Kò tó. Ètò ìtọ́jú fáìlì ext3, tó wọ inú Linux ní ọdún 2001, àti ext4 tó tẹ̀ lé e ní 2008, ní ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí kí wọ́n tó ṣe é. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí a sì tún so dísíkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ètò náà yóò ka ìwé yìí, yóò sì parí ohun tó ṣẹ́ kù. Oore ńlá ni èyí fún ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Fún olùwádìí, ewu ni, nítorí pé ètò náà lè kọ nǹkan sórí dísíkì bí a tilẹ̀ ti pàṣẹ kíkà nìkan fún un. Ìwé àlàyé àṣẹ mount fúnra rẹ̀ ṣe ìkìlọ̀ yìí.

Noload ló ń dí ọ̀nà náà. Ó ní kí ètò náà má ṣe fọwọ́ kan ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ rárá:

sha256sum eda.img
mount -o ro,loop,noload eda.img /mnt/eda
umount /mnt/eda
sha256sum eda.img

Loop ló ń jẹ́ kí Linux lo fáìlì bí ẹni pé dísíkì gidi ni. Sha256sum ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ láti inú gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì; bí ohun bíńtín bá yí padà, àmì náà yóò yàtọ̀. Àmì ìṣáájú àti ti ìkẹyìn gbọ́dọ̀ bára mu.

Noload ní àléébù tirẹ̀. Ohùn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ lè fara hàn ní ààbọ̀, ó sì lè má hàn rárá. Olùwádìí tó bá nílò rẹ̀ yóò ṣe ẹ̀dà kejì, yóò sì jẹ́ kí ètò náà parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìyẹn.