Ẹ Má Gbe Orin Èébú

Ẹ̀yin ọmọ Ajégúnlẹ̀, bí orin èébú bá bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan náà lẹ́yìn, ọwọ́ yín ló wà láti pa á, kì í ṣe ọwọ́ ọlọ́pàá. Ẹ wo agbábọ́ọ̀lù Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ti pápá Maracana àdúgbò yín gòkè. Nígbà tí kò rí bọ́ọ̀lù gbá sáwọ̀n Argentina ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018, àwọn tó yẹ kó gbè é lẹ́yìn ló ń halẹ̀ ikú mọ́ ọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun náà ló gbá góòlù 5, tó sì fi góòlù gbígbá borí gbogbo agbábọ́ọ̀lù ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà.

Ẹlòmíì á ní ariwo ni adùn bọ́ọ̀lù. Ẹ pariwo o. Ẹ fi gólì ẹgbẹ́ kejì ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi ẹ̀yà tàbí ìyá ẹni kọrin, ó ti kúrò ní eré. Ní Ajégúnlẹ̀ tí Yorùbá, Ìjọ̀, Ìgbò àti Haúsá ti jọ ń pọnmi nínú ọgbà kan, aládùúgbò yín lẹ ń bú. Ẹlòmíì á ní wọ́n á lu òun tóun bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ẹnì kan kì í bá agbo jà. Ṣùgbọ́n adárin ò lágbára láìsí elégbè: ẹ má gbè é, ẹ dá orin mìíràn. Tí eré bá parí, kí ọ̀rẹ́ adárin náà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó bá a wí. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ń wọni létí ju ìbáwí àjèjì lọ.