Ẹ̀kọ́ Lórí Oúnjẹ: Ẹ̀wà Tí A Ń Sè Fún Àwọn Ará Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ń ṣe ara lóore ni a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé òde òní, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ìyẹ̀fun inú agolo àti tíì olówó gọbọi tí wọ́n ń polówó kiri inú ọkọ̀. A kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀nyẹn. Ẹ̀wà ni a mú, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan láàárín wa tí a kì í ti í sè é, àti nítorí pé ewu kan wà nídìí rẹ̀ tí ó kan ẹ̀mí àwọn ọmọ wa.

Ní ti oore rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Nínú ẹ̀wà gbígbẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin tí ó jẹ́ purotéènì, èyíinì ni èròjà tí ń mú ọmọ dàgbà. Èròjà tí ń fún ni lẹ́jẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fóléètì tí wọ́n máa ń fún aláboyún ní ilé ìwòsàn. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń se àdàlú kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀wà àti àgbàdo yẹ ara wọn: ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú purotéènì àgbàdo ni ó pọ̀ nínú ti ẹ̀wà. Àkàrà àti ẹ̀kọ, ọgbọ́n kan náà ni. Kí a má sì gbàgbé èèpo tí a ń bó dànù. Inú èèpo yẹn ni púpọ̀ nínú fáíbà rẹ̀ wà, èyí tí ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn tí kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà yára gun ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ilé, ẹ̀wà sísè pẹ̀lú èèpo rẹ̀ ni kí a máa bù fún un ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àkàrà tí ó mu epo yó.

Káún ńkọ́? A mọ̀ pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀, gáàsì sì ti wọ́n. Ṣùgbọ́n káún máa ń ba fítámì B kan tí ń jẹ́ thiamine jẹ́ nínú ìkòkò, iyọ̀ inú rẹ̀ kò sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹ rẹ ẹ̀wà náà sómi mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ sì fi omi tútù mìíràn sè é. Yóò rọ̀ kíákíá, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ kún inú. Àwọn tí ń fi paracetamol se ẹ̀wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Oògùn ni, kì í ṣe èlò ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Òkè Ọya, ní ìhà Kano, Katsina, Borno àti àwọn ibòmíràn bẹ́ẹ̀, ni púpọ̀ nínú ẹ̀wà tí a ń jẹ ti ń wá. Láti oko ni kòkòrò ti máa ń yé ẹyin sí i lára. Ọmọ rẹ̀ yóò gbẹ́ inú ẹ̀wà wọlé, ní bíi oṣù kan yóò ti di àgbà, yóò lu ihò jáde, òmíràn yóò sì tún yé. Láàárín oṣù díẹ̀, ohun tí ó kù nínú àpò kò yàtọ̀ sí ìyẹ̀fun. Ìdí nìyí tí a kò fi lè dá ọlọ́jà lẹ́bi pé ó ń wá oògùn. Ẹ̀bi wà nínú oògùn tí ó ń lò. Dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, ni àwọn kan ń fín sórí ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ májèlé tí a ṣe fún kòkòrò ni. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró ní bodè wọn. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílógíráàmù kan; ohun tí wọ́n bá nínú tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà. Ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀, àwa ni a ń jẹ irú rẹ̀ nílé.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀wà tí ó ní ihò ni kí a rà, pé bí kòkòrò bá lè jẹ ẹ́, ènìyàn lè jẹ ẹ́. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ọlọ́jà tí ó rí kòkòrò lánàá lè fín oògùn lónìí. Kòkòrò tí ó wà láàyè, tí ń rìn kiri nínú kóńgò, jẹ́ ẹ̀rí tí ó sàn ju ihò lọ. Bí a bá sì tú àpò tí òórùn oògùn gún wa nímú, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Fífọ̀ àti sísè ń dín májèlé náà kù, ṣùgbọ́n a kò lè fọkàn tán an pé ó tán.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹun tán tí ó ń bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń làágùn, tí ẹran ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí èémí rẹ̀ ṣòro, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí a má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Epo kì í pa oró yìí, ó sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Abẹ́rẹ́ atropine wà lára ohun tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí ìgò oògùn náà bá wà nítòsí, kí a mú un dání kí wọ́n lè rí i.

Ọ̀nà tí kò gba májèlé rárá wà. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá nínípọn méjì wà nínú àpò kan, a ó sì dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ tán, kò ní lè jẹun mọ́, yóò sì kú. Ẹni tí kò rí i rà lè lo kẹ́ẹ̀gì tí ó gbẹ dáadáa, tí ìdérí rẹ̀ kò jò. Kí ó kún dé ọrùn, kí àyè afẹ́fẹ́ má pọ̀. Èyí tí a óò jẹ láìpẹ́, ẹ lè fi í sínú firísà fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin àti ọmọ kòkòrò yóò kú sínú rẹ̀. Ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó jọ ra àpò kan nígbà ìkórè, tí ẹ̀wà ṣì pọ̀ lọ́jà, lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì pín in sí kẹ́ẹ̀gì ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a sá a sóòrùn kí ó gbẹ kí a tó dà á sí i, kí a kọ ọjọ́ sí ara kẹ́ẹ̀gì, kí a má sì ṣí i títí a ó fi fẹ́ jẹ ẹ́. Nígbàkúùgbà tí a bá bù nínú rẹ̀, kí a yára dé e padà.