Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ: NÍBO NI KÍ Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ TI KỌ́ MBA?

  

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan máa ń bi àwọn àgbà: "Mo fẹ́ lọ kọ́ MBA ní òkè òkun. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni kí n lọ?" Ìbéèrè náà dára. Àwọn àgbà wa ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣe iwájú. Ohun méjì ni ó yẹ kí ó ṣáájú: ọjà tí a fẹ́ ná, àti ibi tí owó wa yóò ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Abdur-Rahman ọmọ Awf, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, ó fi dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Ànábì so òun àti Sa'd ọmọ Rabi' pọ̀ ní ọmọ ìyá. Ọlọ́rọ̀ ni Sa'd ní Mẹ̀dínà, ó sì fi ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ lọ Abdur-Rahman. Abdur-Rahman ṣe àdúà fún un, kò gbà á. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun. Wàrà gbígbẹ àti ọ̀rá wàrà ni ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Kò pẹ́ tí ó fi rí èrè, tí ó sì gbé ìyàwó. Ẹ wo bí ó ti tò ó: ọjà ni ó kọ́kọ́ béèrè, kò sì gbé ẹrù ẹlòmíràn lé orí ara rẹ̀. Ìlànà tí a ó tẹ̀lé nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

KÍ NI MBA?

MBA ni oyè kejì ní yunifásítì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní ọdún 1908. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ ìṣirò owó ilé iṣẹ́, ìpolówó ọjà, bí a ti ń darí òṣìṣẹ́ àti bí a ti ń ṣe ìpinnu. Kì í ṣe oyè fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Àjọ AMBA, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì máa ń béèrè ìdánwò GMAT tàbí GRE. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú, ẹ ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: ỌJÀ WO NI Ẹ FẸ́ NÁ?

Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ní ẹ̀ka káàkiri ayé ni ẹ ń fojú sùn, INSEAD wà ní Fontainebleau ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1957. Ó ní ọgbà ní Singapore àti Abu Dhabi pẹ̀lú, oṣù mẹ́wàá sì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ìnáwó ní Lọ́ńdọ̀nù, London Business School wà níbẹ̀. Oxford àti Cambridge sì ń ṣe tiwọn ní ọdún kan. Ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ìsinmi àárín ọdún méjèèjì kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, èyí sì wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ pa iṣẹ́ dà.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Èkó, Ìbàdàn tàbí Accra ni ẹ ó ti ṣòwò, kí ni ẹ ń wá lọ sí Boston? Lagos Business School wà nílé láti ọdún 1991. Yunifásítì Cape Town àti Stellenbosch wà ní Gúúsù Áfíríkà, American University sì wà ní Cairo. Àwọn tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì ni yóò di oníbàárà yín àti alábàáṣe yín lọ́la.

Ọjà kan tún wà tí ó kan àwa Mùsùlùmí gbọ̀ngbọ̀n: ètò ìnáwó Ìsìláàmù. Ní Malaysia, Yunifásítì Ìsìláàmù Àgbáyé wà láti ọdún 1983, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà sì dá INCEIF sílẹ̀ ní ọdún 2005 nítorí ìmọ̀ yìí gan-an. Ọjà náà ti ṣí nílé pẹ̀lú. Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJBank ní 2019, Lotus Bank ní 2021. Ìjọba àpapọ̀ sì ta sukuk àkọ́kọ́ ní 2017, ₦100 bílíọ̀nù, láti fi ṣe ọ̀nà. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí nílò ẹni tí ó mọ òwò, tí ó sì mọ òfin Ọlọ́hun lórí òwò.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: TA NI Ó FỌWỌ́ SÍ ILÉ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ?

Àjọ mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ káàkiri ayé tí ó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ òwò wò: AACSB ti Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1916, AMBA ti Lọ́ńdọ̀nù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, àti EQUIS, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Brussels. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pọ̀ ní ayé, ṣùgbọ́n Cape Town, Stellenbosch àti American University ní Cairo wà nínú wọn. Ẹ má gba ohun tí ó wà nínú ìwé ìpolówó gbọ́. Ẹ lọ wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà nínú àkọsílẹ̀ àjọ fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gba oyè yunifásítì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ilé ẹ̀kọ́ rere wà ní ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kàwé tọkàntọkàn bá ẹlẹ́tàn pín nínú ìtìjú.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: Ẹ MỌ ÒFIN ÌLÚ NÁÀ KÍ Ẹ TÓ SAN OWÓ

Láti oṣù Kíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ MBA kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ tẹ̀lé ara wọn lọ sí Ìlú Ọba. Ẹni tí ó ti ṣe yìgì gbọ́dọ̀ bá aya tàbí ọkọ rẹ̀ jókòó sọ ọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọdún méjì ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti dúró ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní ọdún 2027 yóò gba oṣù 18. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde òfin tí ó dí ọ̀nà físà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, físà akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú rẹ̀. Irú òfin báyìí a máa yí padà. Ẹ béèrè tuntun rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìlú náà, kì í ṣe lọ́wọ́ aṣojú tí ó ń gba owó.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: NÍBO NI OWÓ YÓÒ TI WÁ?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Owó ilé ìwé London Business School ju £100,000 lọ, ti Harvard sì ju $70,000 lọ lọ́dún kan, láìka ilé àti oúnjẹ. Àwọn ayánilówó yóò wá bá yín pé àwọn lè san án, kí ẹ máa dá a padà pẹ̀lú èlé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò: ẹni tí ó bá yá £40,000 pẹ̀lú èlé 12 nínú 100, £4,800 ni èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan. £400 lóṣooṣù nìyẹn, kò tíì fọwọ́ kan ojú owó.

Èyí tí ó tún burú ju ìṣirò lọ ni pé Ọlọ́hun ti ṣe rìbá ní èèwọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú Súrà Baqara láti ẹsẹ 275. Hádíìsì inú ìwé Muslim sì fi hàn pé kì í ṣe ẹni tí ń gba èlé nìkan ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ń san án, ẹni tí ń kọ ọ́ àti àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. MBA kì í ṣe oúnjẹ tí ebi yóò pa ènìyàn kú nítorí àìsí rẹ̀. Ẹ má ṣe ra oyè pẹ̀lú àlùbáríkà ayé yín.

Ìṣìnà kan tún wọ́pọ̀. Ìlú Ọba ní kí owó akẹ́kọ̀ọ́ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 kó tó béèrè físà. Àwọn kan ń yá ènìyàn lówó fún ọjọ́ wọ̀nyí, wọn a sì gba èlé lé e. Rìbá ni, irọ́ sì tún ni, nítorí owó náà kì í ṣe tiyín.

Kí ni ọ̀nà àbáyọ? Ẹ tètè kọ̀wé fún sìkọ́láṣíìpù ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, kí owó tó tán. Chevening ti ìjọba Ìlú Ọba wà, ṣùgbọ́n ó ní iye tí kò lè kọjá fún MBA, ó sì ní kí ènìyàn padà sílé fún ọdún méjì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan a máa rán òṣìṣẹ́ wọn lọ. Ẹ ka ìwé àdéhùn wọn dáadáa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kì í gba èlé wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́sálásí wa, ẹ dára pọ̀ mọ́ ọn nísinsìnyí. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá tó, ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí agbára yín ká.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: Ẹ̀SÌN YÍN ŃKỌ́?

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń kí ìrun Jímọ̀, àti ibi tí a ti ń ra ẹran hàláàlì. Ẹ mọ̀ pé ọtí máa ń wà níbi ọ̀pọ̀ àpèjẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òwò ti ń pàdé ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ wá Mùsùlùmí tí ó ti kàwé níbẹ̀, kí ẹ bi í bí ó ti rí fún un pẹ̀lú híjáàbù. Lẹ́yìn èyí, ẹ gba ìmọ̀ràn òbí àti onímọ̀, kí ẹ sì kí ìrun Istikhara tí Ànábì kọ́ àwọn sàábé rẹ̀.

ÌPARÍ

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ ọjà tí ẹ fẹ́ ná sí òkè rẹ̀. Ẹ kọ iye owó hàláàlì tí ọwọ́ yín lè tó sí ìsàlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá wọ àárín méjèèjì, tí àjọ tí a mọ̀ sì fọwọ́ sí, òun ni tiyín, yálà ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni a rí kọ́ nínú ohun tí Abdur-Rahman béèrè ní Mẹ̀dínà?
2. Ẹ dárúkọ àjọ mẹ́ta tí ó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ òwò wò.
3. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè ran ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ láti kàwé láìsí èlé?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní àti arísìkí tí ó mọ́. Àmín.