Ogun Àgídìngbì, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Lẹ́kí

Ẹ jẹ́ ká ti orúkọ bẹ̀rẹ̀. Kòsọ́kọ́ wà lára orúkọ àbíkú: kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin ọmọ, kí ọmọ yáa jókòó. Ọba tó ń jẹ́ irú orúkọ yìí, ìtàn kò ní ṣàì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní 1845 ni Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ Èkó lọ́wọ́ Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀. Akítóyè bẹ Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lọ́wẹ̀. Wọ́n ní òwò ẹrú làwọn fẹ́ pa rẹ́. Lójú tèmi, òwò epo pupa wà lọ́kàn wọn pẹ̀lú. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1851 wọ́n kọ́kọ́ kọlu Èkó, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ gbá wọn padà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ní 26 Disẹ́ńbà, Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, ti rì òpó igi mọ́ inú ọ̀sà, wọ́n gbẹ́ yàrà sétí omi, wọ́n to àgbá sẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ogun Òyìnbó, Bloodhound, fìdí gúnlẹ̀ nínú yanrìn, Teazer náà há. Òyìnbó tó kú lé ní mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì iná ọta wọn ran ìgboro.

Ẹ pe orúkọ tí ará Èkó sọ ogun náà sókè: À-gí-dìn-gbì. Ohùn òkè kan ṣoṣo, ohùn ìsàlẹ̀ méjì tẹ̀ lé e. Àgbá dún, ọta balẹ̀. Etí ló sọ ọ́ lórúkọ.

Bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́, àfi bíi pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Rárá o. Akínkanjú tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ni í bógun lọ. Kòsọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọkọ̀, nígbà tó di 28 Disẹ́ńbà, ààfin ti ṣófo. Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀dó sí. Kò lè ṣòwò ní Èkó mọ́, ló bá wá èbúté tirẹ̀ sétí òkun: Palma, lẹ́bàá Orímẹ̀dú, àti Lẹ́kí. Ní 1854 Òyìnbó bá a ṣàdéhùn l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ó padà sÉkòó ní 1862, ó fi Palma àti Lẹ́kí sílẹ̀ fún wọn ní 1863, ó sì kú ní 1872.

Èbúté ńlá Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní oṣù Jánúárì 2023 kò jìnnà sí èbúté Kòsọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Nígbà ayé Kòsọ́kọ́, epo pupa Ìjẹ̀bú ń gba Ẹ̀pẹ́ lọ sétí òkun. Lónìí, tírélà ń kó kọ̀ǹténà láti etí òkun, ó ń gba Ẹ̀pẹ́ lọ sÍjẹ̀bú.